Ta Ló Ni Àga Iwájú?

Gbólóhùn kan wà tí àwọn tó ń ṣètò àpéjọ àṣà ní Adó-Èkìtì fẹ́ràn púpọ̀, lára pátákó lẹ́bàá títì àti lórí WhatsApp: "Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé." Ó dùn ún gbọ́. Lásìkò tí owó ọkadà láti Bàsírì dé Ọjà Ọba ti di ohun tí èèyàn ń ṣírò kó tó jáde nílé, ẹni tó bá ní ká wá wo ijó, ká wá gbọ́ ewì, ká wá wo eré orí ìtàgé láìsan kọ́bọ̀, olóore wa ni. A ò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ lámèyítọ́ ni láti yẹ ọ̀rọ̀ wò, ohun tó ń sọ àti ohun tó ń fi pamọ́. Ìbéèrè kan péré la mú wá: bí ẹnu ọ̀nà bá jẹ́ ọ̀fẹ́, àga ńkọ́?

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà là ń ṣe jẹun, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ "ọ̀fẹ́" fi máa ń ta wá létí. Ní 1983, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Richard Stallman kéde pé òun máa kọ odidi ètò kan fún kọ̀ǹpútà, GNU, tí gbogbo èèyàn máa lè lò, tí wọ́n máa lè tú inú rẹ̀ wò, tí wọ́n máa lè tún ṣe, tí wọ́n á sì lè pín fún ẹlòmíràn. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣàlàyé ara rẹ̀ fáyé, torí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ohun tí a kò sanwó rẹ̀ àti ohun tí ẹnikẹ́ni kò fi okùn so mọ́lẹ̀. Yorùbá ò ní wàhálà yẹn. Ọ̀fẹ́ lọ́tọ̀, òmìnira lọ́tọ̀. Wọ́n lè fún èèyàn ní nǹkan lọ́fẹ́ kí wọ́n sì tún pàṣẹ ibi tó máa jókòó, ìgbà tó máa pàtẹ́wọ́ àti orúkọ ẹni tó máa kí. A ní ọ̀rọ̀ méjèèjì lẹ́nu, àmọ́ tó bá di ọ̀ràn àpéjọ àṣà, ẹyọ kan là ń lò.

Ẹ jẹ́ ká wo bí àpéjọ ọ̀fẹ́ ṣe sábà máa ń rí lọ́dọ̀ wa. A ò ní dárúkọ ibì kankan, torí kì í ṣe ọ̀ràn ibì kan ṣoṣo. Wọ́n á ta kánópì yí pápá ká. Lábẹ́ kánópì tó wà láàárín, àga onítìmùtìmù á wà ní ìlà méjì tàbí mẹ́ta, omi inú ike á wà níwájú rẹ̀, wọ́n á ti lẹ orúkọ mọ́ àga kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ni àga rọ́bà. Lẹ́yìn àga rọ́bà ni àwa tó kù, lórí ìdúró. Wọ́n ní aago mẹ́wàá ni. Ó di aago kan kọjá kí ẹni ńlá tó dé. Ẹgbẹ́ oníjó tó ti ń jó lọ́wọ́ á dá ijó náà dúró lójijì, torí pé MC ti gba máíkì láti kéde ẹni tó ń wọlé. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀, ọ̀rọ̀ olùdarí, ọ̀rọ̀ àlejò pàtàkì, ọ̀rọ̀ aṣojú ẹni tí kò lè wá, gbogbo rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó bá kan àwọn ìyá tó wá láti abúlé láti kọrin, wọ́n á ní àsìkò ti lọ, kí wọ́n jọ̀ọ́ ṣe é ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹnikẹ́ni ò gbowó lọ́wọ́ wa. Ọ̀fẹ́ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ṣe àpéjọ náà fún?

Àwọn kan máa sọ pé bó ṣe wà nìyẹn, pé àṣà Yorùbá náà kò kúkú sọ pé kí gbogbo èèyàn jókòó lórí àga kan náà. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká wo àpéjọ ọ̀fẹ́ tó lágbà jù ní Adó. Lóṣù kẹjọ ọdọọdún, ìlú máa ń ṣe Ùdíròkò ní ààfin Ewì. Orúkọ yẹn gan-an, Èkìtì pọ́nńbélé ni: ibi tí ará Ọ̀yọ́ ti ń sọ pé "ìdí", "ùdí" lará Adó ń sọ, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń pe ilé ní "ulé". Ìdí ìrókò ni. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nílùú so ọdún náà mọ́ Ewì Awàmárọ̀ àti igi ìrókò tí wọ́n ń péjọ sábẹ́ rẹ̀. Ọdún tuntun Adó ló ń ṣí. Àwọn ìjòyè á wá lọ́kọ̀ọ̀kan, tàwọn tènìyàn wọn, ìlù á máa dún lẹ́yìn, wọ́n á jó wọ ààfin, wọ́n á kí Ewì kú ọdún.

Kò sẹ́ni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Ùdíròkò. Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, àga ibẹ̀ kò dọ́gba. Ewì wà lórí ìtẹ́, àwọn ìjòyè sì mọ ẹni tó ṣáájú ẹni. Bí ọ̀ràn bá jẹ́ ti ìdọ́gba nìkan, ààfin kò sàn ju abẹ́ kánópì lọ. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ohun tí àga ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jókòó sórí rẹ̀. Ìjòyè tó ní ipò gíga ló gbọ́dọ̀ kó èèyàn lẹ́yìn wá, òun ló gbọ́dọ̀ wá onílù, òun ni gbogbo ojú ń wò bóyá ó mọ ẹsẹ̀ ijó. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá bá ìlù mu, gbogbo ọjà á gbọ́ kó tó dé ilé. Ní ààfin, àga iwájú jẹ́ gbèsè. Lábẹ́ kánópì ìgbàlódé, ẹ̀bùn ni: ẹni tó jókòó síbẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, àfi kó dìde nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, kó sì tètè lọ torí pé ó ní ibòmíràn láti dé.

Ohun kejì tún wà. Ọmọ Ìjigbò tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń wo ẹgbẹ́ bàbá ẹlòmíràn tó ń jó lọ; láìpẹ́, á kan agbo ilé tirẹ̀, á sì di ẹni tí wọ́n ń wò. Awòran di eléré, eléré di awòran. Èyí ni a pè ní òmìnira nínú àpéjọ: pé ọ̀nà wà láti ibi tí èèyàn dúró sí dé àárín agbo, tí ẹni náà sì mọ ọ̀nà ọ̀hún. Bí kò bá sí ọ̀nà yẹn, ìlú kan wá wo ara rẹ̀ láti òkèèrè ni.

A mọ ohun tí wọ́n máa fi dá wa lóhùn. Wọ́n á ní ààfin kì í ṣe ti gbogbo èèyàn mọ́. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí ló máa ń fi ẹsẹ̀ kan síta nígbà tí ọdún ìbílẹ̀ bá dé. Àlejò tó wá ṣiṣẹ́ ní Adó láti Kogí tàbí Ẹ̀bọ́nyì kò ní agbo ilé tó máa bá jó wọlé. Ẹ̀sùn tó lágbára ni, a sì gbà á. A ò sọ pé kí wọ́n kó gbogbo àpéjọ lọ sí ààfin. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tó máa kọ́ ilé àpéjọ tuntun yẹ kó kọ́kọ́ mọ ohun tó mú kí èyí àtijọ́ dúró.

Láti Adó sí Ìkẹ́rẹ́ kò jìnnà. Ibẹ̀ ni a ti rí ẹ̀kọ́ tó korò jù lórí ọ̀fẹ́ àti àga. Ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, ọ̀kan lára àwọn agbẹ́gilére tó mọṣẹ́ jù tí ilẹ̀ Yorùbá bí, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́. Ó gbẹ́ Ògògà sórí ìtẹ́ rẹ̀. Ó gbẹ́ òyìnbó aṣojú ìjọba tí àwọn aláàárù gbé wá kí i. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. British Museum rí i, ó wù wọ́n. Ohun tí Ògògà gbà láti fi pààrọ̀ rẹ̀ ni ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà: ilẹ̀kùn lọ, àga dé.

Títí di òní, Lọ́ńdọ̀nù ni ilẹ̀kùn yẹn wà, nílé ìṣẹ̀ǹbáyé tí kì í gbowó ìwọlé. Ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó bá fẹ́ wo iṣẹ́ tí wọ́n gbẹ́ fún ààfin ìlú rẹ̀ kò ní san kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn tó bá ti san owó físà, owó ọkọ̀ òfurufú àti owó ibi tó máa sùn. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún wa pé nǹkan jẹ́ ọ̀fẹ́, a máa ń béèrè pé: ọ̀fẹ́ fún ta ni, láti ibo?

Ìbéèrè kẹta ni ẹni tó ń sanwó, torí ọ̀fẹ́ kan ò sí tí kò lẹ́ni tó san án. Ní 1961, àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Wọlé Ṣóyínká wà níbẹ̀, J. P. Clark wà níbẹ̀, Ulli Beier ará Jámánì wà níbẹ̀, Chinua Achebe ló sì mú orúkọ náà wá láti inú èdè Igbo. Lára owó tí wọ́n fi ń ṣe é wá láti ọ̀dọ̀ àjọ òkèèrè kan, Congress for Cultural Freedom. Nígbà tó fi máa di 1967, ayé ti gbọ́ pé CIA Amẹ́ríkà ló ń kówó sẹ́yìn àjọ náà. Èyí kò sọ ewì tí wọ́n kọ ní Ìbàdàn di ìkà. Ohun tó kọ́ wa ni pé kí a máa béèrè lásìkò, kì í ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́fà.

Ọdún kan lẹ́yìn tí ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀, ní 1962, Dúró Ládiípọ̀ àti Beier ṣí irú rẹ̀ ní Òṣogbo. Nígbà tí àwọn ará ìlú gbọ́ orúkọ "Mbari", wọn ò mọ̀ pé Igbo ni. Wọ́n gbọ́ ọ bí Yorùbá, wọ́n sì parí rẹ̀ fúnra wọn: Mbárí Mbáyọ̀, ìyẹn ni pé bí mo bá rí i, inú mi á dùn. Orúkọ tí ẹ̀ ń rí nínú ìwé lónìí nìyẹn. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti yọrí, kí wọ́n tó yàwòrán kankan: ará ìlú fún ibẹ̀ lórúkọ, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ẹ wá wo àwọn tó gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé. Jimoh Buraimoh ló ń tan iná sórí ìtàgé fún ẹgbẹ́ eré Dúró Ládiípọ̀ kó tó di ayàwòrán. Ní 1964, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé pẹ̀lú ẹni tó ń kiri oògùn tà, ijó ló ń jó láti fi pe oníbàárà. Wọ́n rí ijó rẹ̀, wọ́n ní kó dúró. Twins Seven-Seven nìyẹn, ẹni tí UNESCO fún ní oyè Ayàwòrán fún Àlàáfíà ní 2005. Kò sẹ́ni tó lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ àga. Ohun tí Òṣogbo ní tí àpéjọ ọlọ́jọ́ kan kì í ní ni pé ilẹ̀kùn tún ṣí lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó wá jó lónìí lè padà wá lọ́la láti di búrọ́ọ̀ṣì mú.

Èyí ló mú wa padà sí Adó. Ní 1970, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà sílẹ̀, NAFEST, láti fi so orílẹ̀-èdè pọ̀. Lóṣù kọkànlá 2021, Adó-Èkìtì ló gbàlejò rẹ̀. Kí ọmọ Adó rí ijó láti apá ibi gbogbo ní Nàìjíríà láìkúrò nílùú rẹ̀, nǹkan ńlá ni, a ò sì ní fi ojú kéré rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo bí irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan á kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ wá, wọ́n á díje, adájọ́ á fún wọn ní máàkì, wọ́n á gba ẹ̀bùn, wọ́n á lọ. Ó dára fún fífi ohun tí a ti mọ̀ han àlejò. Kíkọ́ ẹni tí kò tíì mọ̀ kì í ṣe ara iṣẹ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn ti dun wá. Ẹ mú Alámọ̀, ohùn tí àwọn obìnrin Èkìtì máa ń fi ṣeré níbi ìgbéyàwó àti òkú àgbà. Kò sí bí ọmọ ṣe lè mọ̀ ọ́n nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọmọdébìnrin gbọ́dọ̀ jókòó ti àwọn ìyá lọ́pọ̀ ìgbà, kó máa gbe orin, kó ṣì í, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n tún un ṣe fún un, títí ọjọ́ tí wọ́n á jẹ́ kó lé orin fúnra rẹ̀. Ó nílò ibi tó ṣí lemọ́lemọ́. Ó tún nílò èdè Èkìtì lẹ́nu ẹni tó di máíkì mú, torí ọmọ tó bá ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti aago mẹ́wàá di aago kan ti mọ ohun tí wọ́n kà sí pàtàkì kí ìyá kankan tó la ẹnu. Bí a bá ń fún àwọn ìyá yìí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́, lọ́dún kan sí òmíràn, ọjọ́ ń bọ̀ tí a máa pè wọ́n tí kò ní sí ẹni tó máa dáhùn.

Kí wá ni ṣíṣe? Páàkì Fájuyì wà ní Adó, níta gbangba, tí gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n. Ẹni tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó ni, wọ́n bí i ní 1926, òun ni gómìnà ológun àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ní oṣù keje 1966, wọ́n pa á pẹ̀lú Aguiyi-Ironsi tó wá ṣàlejò rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ohun tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá fi ń rántí rẹ̀ ni pé kò fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀. Ibi tó bá ń jẹ́ orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó mọ bí wọ́n ṣe ń gbàlejò: onílé ló ń dìde kí àlejò lè jókòó. Lábẹ́ kánópì wa, ta ni onílé, ta ni àlejò? Owó ìlú ni wọ́n fi yá kánópì. Ìyá àádọ́rin ọdún tó ti Ìgèdè wá láti kọrin ni àlejò. Òun ló yẹ kí wọ́n lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ àga onítìmùtìmù.

Ohun tí à ń béèrè kò tó owó kánópì méjì. Kí wọ́n mú ọjọ́ kan lóṣù, ká ní Sátidé tó kẹ́yìn, kó má yẹ̀, bóyá kómíṣọ́nnà ráyè wá tàbí kò ráyè. Kí ìlù bẹ̀rẹ̀ ní aago tí wọ́n kọ síwèé. Kí wọ́n sanwó fún onílù, olórin àti akéwì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára pátákó iye tí wọ́n san àti ẹni tó san án. Torí lọ́pọ̀ ìgbà, onílù tí wọ́n sọ fún pé "ayé á rí ẹ" ló ń san owó ọ̀fẹ́ tiwa. Kí wákàtí tó kẹ́yìn jẹ́ ti ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bọ́ sí agbo, ọmọ Adó tàbí ará Ẹ̀bọ́nyì. Kí MC sọ èdè tí wọ́n ń sọ ní Ọjà Ọba.

Èyí tó kù kan irú àwa gan-an. Fóònù máa ń pọ̀ ju èèyàn lọ níbi àpéjọ wa. Fídíò á wà lórí Facebook fún ọ̀sẹ̀ kan, a ò ní mọ orúkọ ẹni tó ń kọrin níbẹ̀, a ò ní mọ ìlú rẹ̀, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò sẹ́ni tó máa rí i mọ́. Iṣẹ́ tí kò le ni láti gba àyè lọ́wọ́ olórin, kí a kọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́, kí a gbé e síbi tí ọmọ iléèwé ní Ìyìn tàbí Ìlawẹ̀ ti lè wá a kàn, tó sì lè gbà á sórí fóònù rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni dí i lọ́wọ́. Ìyẹn la fi ń pè é ní òmìnira níbi iṣẹ́ wa.

Bí wọ́n bá tún pè yín sí àpéjọ ọ̀fẹ́, ẹ lọ. Ẹ mú àwọn ọmọ dání. Àmọ́ kí ẹ tó pàtẹ́wọ́, ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ dáadáa. Bí ìlù bá yí padà, tí ẹni tó jókòó síbẹ̀ kò dìde, tí kò sì sí ọ̀nà fún ẹni tó dúró lẹ́yìn láti dé agbo, ẹ̀yin náà á ti mọ irú ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún wa.